Ọnarébù Tí Kò Ṣubú

Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ ka iná, kó yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kó fún un lọ́mú. Ọ̀rọ̀ Ọnarébù Láníyì Akínyẹlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi etí kan gbọ́. Etí kan ni Ọnarébù fúnra rẹ̀ fi ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láyé, etí tó ń gbọ́ ìyìn, ẹ sì máa rí ibi tó já sí.

Báwo ló ṣe di Ọnarébù? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín kí inú mi tó bẹ́. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, wọ́n fi Láníyì jẹ kánsẹ́lọ̀ fún oṣù mẹ́ta péré, kí ẹni tó ni ipò náà gan-an tó ti ilé ìwòsàn dé. Ẹni náà rí ìwòsàn, ó dé, ó gba àga rẹ̀. Láníyì dìde lórí àga, ṣùgbọ́n ó gbé orúkọ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, bí o bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, yóò wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn lò ń pè. Veronica ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pè é ní Bàbá Ọláídé, inú yàrá sì ni. Ó kọ "Ọnarébù" sára géètì, ó kọ ọ́ sára mọ́tò, ó kọ ọ́ sára garawa tí wọ́n fi ń pọnmi. Nígbà tí garawa náà jò, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé Ọnarébù ti ń jò.

Àwọn àgbààgbà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wá fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó fíìmù Ẹfúùfù Ọ̀sẹ̀. Ìwọ tí o kò mọ Ẹfúùfù Ọ̀sẹ̀, ibo lo gbé dàgbà? Akọni ni. Ó ń wọ akoto irin tó bo ojú, ó ń fò láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n láìsanwó ọkọ̀, ó ń bọ́ lu àwọn ajínigbé àti àwọn tó ń wú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lóko. Fíìmù mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe. Kò sí ọmọdé kan láàárín Ùsò àti Ìfọ́n tí kò tíì so tówẹ̀lì ìyá rẹ̀ mọ́ ọrùn kó bẹ́ láti orí odi.

Ọkùnrin tó wà nínú akoto náà ni Àbúdùlàhí, jórinjórin kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu irin akoto, òun ló jó bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Kò gba oyè, kò sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Tí àwọn ọmọdé bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wò ó, òun náà á ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ayọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní òmíràn tó tó o.

Olùdarí tó ṣe fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti di ará Kánádà. Ìgbìmọ̀ ń wá ẹlòmíràn. Ọnarébù ní òun ti rí ẹni tó yẹ: Hamidat, ọmọ Ùsò.

Ẹnu ya gbogbo ayé. Hamidat tó ń ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín! Hamidat tó ṣe fíìmù ewúrẹ́ tó díje dupò! Obìnrin kúkúrú kan ni, bàtà òjò ló ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀pà sísè kì í wọ́n lápò rẹ̀. Ìṣe rẹ̀ tó tún ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé bí kámẹ́rà bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń di ojú rẹ̀ pinpin. Etí ló fi ń darí. Ó ní fíìmù tí afọ́jú kò bá lè jókòó gbádùn, kò tíì jinná.

Kí ló wá dé tí Ọnarébù fi yàn án? Ọgbọ́n ni, ẹ̀yin ará. Ó rò ó títí, ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín kò ní lè bá òun jiyàn. Ó ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Hamidat," ó wí, ó sì fara ti àga, "ẹ̀rín lo mọ̀ ọ́n dá sílẹ̀. Fíìmù ti èmi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹni iyì ni Ẹfúùfù. Ṣé wàá lè ṣe fíìmù tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín?"

"Ìyẹn ò le, sà," ni Hamidat fèsì, ó ń bó ẹ̀pà. "Mo ti wo irú rẹ̀ púpọ̀."

"Ohun tí mo bá ti sọ, abẹ gé e ni."

"Bó ṣe wù yín, sà."

Inú Ọnarébù dùn dé ìpàkọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, "bó ṣe wù yín", ló fi gba iṣẹ́. Ẹ fi sọ́kàn pé Hamidat kò parọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ n fi Kingsley hàn yín kí n tó tẹ̀síwájú. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pe orúkọ ọmọléèwé láràárọ̀, nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Ọnarébù gbà á kó máa rìn tẹ̀lé òun, kó máa ka oyè òun síta. Bó ṣe máa ń kà á nìyí: "Ọnarébù! Alàgbà! Láníyì Akínyẹlé! Kìnnìún tí ń bú ní Ọ̀wọ̀ tí ilẹ̀kùn ń ṣí ní Ìfọ́n! Òpómúléró Ùsò! Alátìlẹyìn àwọn tí kò lẹ́yìn! Alága títí ayé, àti lẹ́yìn ayé pẹ̀lú!"

Oyè nìkan kò tó o. Ọnarébù ṣòfin. Bí Kingsley bá ti ka oyè náà tán, gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè orí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́, a kò ní rí ojú rẹ̀ nínú fíìmù. Ẹ sì mọ̀ wá, ẹ mọ bí a ṣe fẹ́ràn kí ojú wa hàn nínú fíìmù! Ní Ùsò, ìyá kan fi odindi ìkòkò ẹ̀fọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀ bá a jẹ ẹ̀fọ́. Ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, onígbàjámọ̀ kan gbé abẹ jù sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Nígbà tó máa fi rí abẹ, oníbàárà rẹ̀ ti bínú gbé orí àbọ̀ lọ sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí ìròyìn fi ti Àkúrẹ́ dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ dá àjọ tuntun kan sílẹ̀ fún eré àti àṣà, wọ́n sì ń wá alága. Dókítà Zipporah, obìnrin àgbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ni wọ́n ní kó máa lọ káàkiri wá ẹni tó yẹ. Yóò wá sí gbọ̀ngàn ìlú Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí fíìmù karùn-ún.

Nígbà tí Ọnarébù gbọ́, kò lè jẹun. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín níbí yìí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àga kan ṣoṣo ló tíì jókòó lé, aláìsàn ló sì ni í. Ó wù ú kó ní àga tí kò sẹ́ni tí yóò ti ilé ìwòsàn wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ó wù ú débi pé ó ń lá a lálàá. Ó wá rò ó pé, kí ni Dókítà Zipporah yóò rí nínú fíìmù náà? Yóò rí Ẹfúùfù. Ta ni Ẹfúùfù? Jórinjórin! Orí rẹ̀ gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àbúdùlàhí, Kingsley tẹ̀ lé e, Hamidat tẹ̀ lé Kingsley.

"Àbúdùlàhí, gbé akoto yẹn wá."

Àbúdùlàhí rò pé ó fẹ́ wò ó ni. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọnarébù dé e. Ohùn rẹ̀ wá ń dún nínú irin bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá.

"Láti òní lọ, èmi ni Ẹfúùfù Ọ̀sẹ̀."

"Sà?"

"Ìwọ máa jó irin. Èmi ni n ó máa fò."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àbúdùlàhí wọ egungun. Ó wo Hamidat, Hamidat wo ilẹ̀. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìmọ̀ràn lọ: "Ọnarébù, tẹ́ ẹ bá ti dé òkè, ẹ má sọ̀rọ̀ o, ẹ má sì ta ẹsẹ̀. Okùn ò fẹ́ ariwo."

"Okùn!" ni Ọnarébù wí. "Ẹni tí Ìfọ́n ń bẹ̀rù, ṣé okùn ni kò ní bẹ̀rù rẹ̀?"

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n: ẸFÚÙFÙ Ọ̀SẸ̀ KARÙN-ÚN, ỌNARÉBÙ FÚNRA RẸ̀ LÓ Ń FÒ! Ó ní kí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ ike pupa kún ọrùn aṣọ akọni títí dé àgbọ̀n, kó lè dà bí iyùn ààfin. Àwọn àgbà ní iyùn ààfin kì í ṣe ohun eré. Ó ní ike ni, òun kò tíì gbọ́ pé ike ní èèwọ̀.

Ìdásẹn, ìletò kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti fẹ́ ya ibi tí akọni yóò ti fò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọ́n á gbé okùn gba orí ẹ̀ka àràbà ńlá kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, wọ́n á so orí kan mọ́ bẹ́líìtì irin, àgbẹ̀ mẹ́jọ á sì di orí kejì mú, wọ́n á máa fà á. Ọmọ́túndé ni olórí àwọn mẹ́jọ yìí. Fíìmù mẹ́rin ni wọ́n ti fi gbé Àbúdùlàhí sókè, wọn kò já a sílẹ̀ rí, nítorí okùn ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, kí wọ́n tó fà á, Ọmọ́túndé dọ̀bálẹ̀ kí Ọnarébù dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọnarébù, mo ní ìbéèrè kan. Òfin àtẹ́wọ́ yẹn, ṣé ó kan ẹni tó bá di okùn mú?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọlọgbọ́n! Ẹni tó bá ní làákàyè, ìgbà náà ni ì bá ronú. Ọnarébù nà ró ṣánṣán.

"Ọmọ́túndé, òfin kò mọ okùn, kò mọ igi. Ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́, kó gbàgbé fíìmù."

"Ẹ ṣeun, Ọnarébù. A kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Wọ́n fà á. Ọnarébù gòkè, ó gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá òrùlé ilé gàrí. Ó rí oko, ó rí pápá, ó rí orí àwọn èèyàn nísàlẹ̀, pàápàá orí Kingsley tó ti pá láàárín. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Hamidat ti di ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́." Gbogbo ìlú pa rọ́rọ́.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni kò bá Ọnarébù lára mu. Ó wà lókè báyìí, kò sẹ́ni tó ń yìn ín! Ó pariwo láti inú irin:

"Kingsley! Pè mí!"

Kingsley sọ ọ̀fun rẹ̀ di mímọ́. "Ọnarébù! Alàgbà! Láníyì Akínyẹlé!" Àbúdùlàhí ń ju ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè dá ọ̀gá iléèwé dúró lórí orúkọ? Ó ka kìnnìún, ó ka òpómúléró, ó ka àwọn tí kò lẹ́yìn, ó dé lẹ́yìn ayé pẹ̀lú.

Àgbẹ̀ mẹ́jọ fi okùn sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè orí. Pàà! Pàà! Pàà!

Kí wọ́n tó pa ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ọnarébù ti dé ilẹ̀. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, àmọ́ ti Ọnarébù yá ju ti ẹlẹ́ṣin lọ. Orí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ló bọ́ sí, èyí tó ti ń rà láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wọ inú rẹ̀ dé àyà. Òkìtì náà ló gbà á là. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó ń jẹun níbẹ̀ kọ́kọ́ sá, wọ́n ronú, wọ́n padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi ẹ̀gẹ́ lára akoto.

"Yéè! Ìyá mi o! Ẹ gbà mí! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ mí o! Mi ò tíì jókòó lórí àga tèmi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Omijé ń bọ́ lójú àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń jẹ ètè. Àbúdùlàhí ló sáré, ó lé ewúrẹ́, ó fà á jáde, ó ń gbọn èèpo kúrò lára rẹ̀, ó ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ẹ pẹ̀lẹ́." Hamidat ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú.

"Ó dára gan-an, sà. Ṣé ká tún un ṣe?"

Ọnarébù kò tún un ṣe. Ó ní kí Àbúdùlàhí wọ aṣọ náà parí fíìmù, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́. Ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ́túndé àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti jọ sọ ọ́ pé àgbàlagbà ni, ẹ jẹ́ ká bò ó láṣìírí. Bí Ọnarébù bá jókòó jẹ́jẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ náà ì bá kú sí Ìdásẹn.

Ṣé Ọnarébù á jókòó jẹ́jẹ́? Ó kọ lẹ́tà. Ó lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó pín in fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó pín in fún mọ́ṣáláṣí, ó fi ránṣẹ́ sí rédíò. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n kéde àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, òǹkàwé dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí Ọnarébù fúnra rẹ̀ ń lọ, ó kà á:

"Kí gbogbo ará ìlú mọ̀ pé Ọnarébù Láníyì Akínyẹlé kò ṣubú láti ojú ọ̀run ní Ìdásẹn lọ́jọ́ Tuesday. Kò bọ́ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo náà kò dé e láyà. Ewúrẹ́ kankan, ìbáà ṣe ọ̀kan tàbí mẹ́ta, kò lá a. Kò ké pe ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ó ṣubú, irọ́ ló pa. Èmi ni, Ọnarébù, tí kò ṣubú."

Ìyá àgbà kan níwájú bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè, kò sì rọra bi í: "Ewúrẹ́ mélòó ló ní?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn ti dé Ìfọ́n. Ní Ùsò, àwọn ọmọdé ti ń fi í ṣeré: ọ̀kan á bẹ́ sílẹ̀, mẹ́ta á dún bí ewúrẹ́. Nígbà tí Veronica délé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ọláídé, ta ló bi yín léèrè?"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ṣùgbọ́n Ọnarébù ní òun á kó o. Ó tún kọ lẹ́tà mìíràn sí Hamidat pé àwòrán ìṣubú kankan kò gbọdọ̀ hàn nínú fíìmù náà. Hamidat kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ̀.

"Àwòrán nìkan, sà?"

"Àwòrán ni mo kọ síbẹ̀! Ṣé etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù ni?"

"Bó ṣe wù yín, sà."

Ó ku ọ̀la, ó ku ọ̀túnla, ọjọ́ fíìmù pé. Gbọ̀ngàn ìlú Ọ̀wọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Àwọn èèyàn Ìdásẹn wá, àwọn ti Ìfọ́n kún ọkọ̀ mẹ́ta. Dókítà Zipporah jókòó níwájú, ìwé kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Ọnarébù jókòó tì í nínú agbádá tó gba àga méjì. Ó ń wo ìwé orí itan obìnrin náà ju bó ṣe ń wo fíìmù lọ.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀, ó ń dùn. Ẹfúùfù fò, àwọn ajínigbé sá, àwọn ọmọdé ń pariwo. Ó wá kan Ìdásẹn. Akọni gòkè, ó kọjá òrùlé. Lójijì, ojú àwòrán ṣókùnkùn, ó dúdú bíi kóro iṣin. Kò sí àwòrán kankan. Ohùn nìkan ló kù.

Wọ́n gbọ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n gbọ́ ohùn nínú irin: "Kingsley! Pè mí!" Wọ́n gbọ́ oyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ pàà, pàà, pàà. Wọ́n gbọ́ gbìì! Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbọ́ ewúrẹ́ kan, wọ́n gbọ́ èkejì, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń dúró de ẹ̀kẹta, nítorí wọ́n ti gbọ́ lẹ́tà. Nígbà tí ẹ̀kẹta ké, ẹ̀rín bú jáde débi pé páànù orí gbọ̀ngàn ń mì. Àwọn àgbàlagbà ń di ìhà mú. Kátíkíìsì kan yọ̀ bọ́ lórí àga, ó dé ilẹ̀. "Mi ò tíì jókòó lórí àga tèmi!" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Hamidat dúró lẹ́yìn pátápátá, ó di ojú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Fíìmù parí. Dókítà Zipporah nu omijé ẹ̀rín. Ó yíjú sí Ọnarébù.

"Ọnarébù, mo rí ìwé lára ògiri. Ẹ̀yin lẹ wà nínú akoto yẹn?"

Ẹ wo okùn tí wọ́n dè fún ọmọ Akínyẹlé! Bó bá ní òun ni, òun ló ṣubú. Bó bá ní òun kọ́, òun kò fò rárá. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó dìde, agbádá rẹ̀ gbá àga ṣubú.

"Rárá o! Èmi kọ́! Kò sígbà kan tí mo wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn fi orúkọ mi ṣẹ̀yẹ lára ògiri ni. Àbúdùlàhí jórinjórin ni! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni Ẹfúùfù! Òun ló ṣubú!"

Gbogbo ojú yí sí Àbúdùlàhí lẹ́bàá ògiri. Ọkùnrin tí kò ṣubú rí nínú fíìmù mẹ́rin! Ó wo Ọnarébù. Ó wo àwọn ọmọdé tó ti dìde lórí àga, tówẹ̀lì lọ́rùn.

"Bí Ọnarébù bá ti sọ ọ́," ó wí, "bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni."

Háà! Àwọn ọmọdé ya bò ó. Wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n ń ké "Ẹfúùfù! Ẹfúùfù!" Wọ́n gbé e jáde sí ìgboro, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Dókítà Zipporah ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bírò.

"Ó dùn mí o," ó wí fún Ọnarébù. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá àwọn alága jókòó, mi ò tíì rí ọ̀kan tó jẹ́ kí ará ìlú fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọkùnrin tó gbé ìṣubú ara rẹ̀ sínú fíìmù, ẹni tí à ń wá gan-an nìyẹn. Mo ti kọ orúkọ yín síbí. Ó mà ṣe o, tí kì í ṣe ẹ̀yin." Ó fa ìlà gba orí orúkọ náà kọjá.

Ọnarébù na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Dókítà… ẹ dúró. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kí ni?"

"Èmi ni mo ṣubú! Ẹ wò ó, ẹ wo ojú ọgbẹ́ níbàdí mi!"

"Ọnarébù, ẹ ti sẹ́ ẹ níwájú gbogbo ìlú. Rédíò sì ka lẹ́tà yín." Obìnrin náà dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ẹ má gba ìṣubú ọkùnrin yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò dára. Ọjọ́ Monday ni n ó fi orúkọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ wá ẹlẹ́rìí, bẹ́ ẹ bá ní."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹni tó sá fún ìtìjú, mi ò tíì rí ẹni tó sáré tọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ọnarébù kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìdásẹn ló kọrí sí, òun nìkan, láìsí Kingsley. Ó bá Ọmọ́túndé àti àwọn méje ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ọmọ́túndé, ẹ̀yin lẹ di okùn mú. Ẹ wá bá mi dé Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mo ṣubú."

Àwọn àgbẹ̀ wo ara wọn. Ọmọ́túndé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fa ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin yọ lápò, òǹtẹ̀ mẹ́rin wà lára rẹ̀.

"Ọnarébù, ìwé yín rèé. Ẹni tó bá sọ pé ẹ ṣubú, irọ́ ló pa. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Mo mọ̀! Mo ní mo parọ́ ni!"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹni iyì bíi tiyín?" Ọmọ́túndé mi orí. "Rárá, sà. Ta ni àwa, tá a máa lọ ba yín lórúkọ jẹ́ ní Àkúrẹ́? Ẹ kò ṣubú."

"Ẹ kò ṣubú, sà," ni àwọn méje yòókù wí. Kò sí ẹ̀rín lójú wọn rárá, ìyẹn ló sì burú jù.

Ọnarébù bẹ̀ wọ́n. Ó fi ọ̀rẹ́ bẹ̀ wọ́n, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó fi fíìmù kẹfà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Nígbà tó sú u, ó ju fìlà sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké sí ìlú:

"Mo ṣubú o! Ẹ̀yin ará Ìdásẹn, ẹ gbà mí gbọ́! Mo ṣubú!"

Ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ, igi ìdáná wà lórí rẹ̀. Ó gbọ́ ọkùnrin ńlá tó ń ké pé òun ṣubú, àánú ṣe é. Ó dúró, ó na ọwọ́ kan sí i.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọmọ mi! O kò ní ṣubú láéláé lórúkọ Jésù!"

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣí fìlà. "Àmín!" ni wọ́n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ọnarébù láti kékeré. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti bá wọn ṣe àmín.